Oúnjẹ tó ń ṣọ́ ọpọlọ: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń dáná nílé

Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń wá àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Nígbà tí Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Wọ́n á bi àwọn àgbà yìí ní ìbéèrè, wọ́n á dán ìrántí wọn wò, wọ́n á sì padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀ láti mọ ẹni tí àrùn ìgbàgbé ti ń mú. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nínú èsì tó jáde ní 2001, bí a bá kó ọgọ́rùn-ún àgbà tí iyè wọn ṣì pé jọ ní Ìdíkàn, ẹni 1.35 ni àrùn náà ń mú lọ́dún. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 3.24.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbọ́ apá yìí tí wọ́n sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kì í ṣarán. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò parí síbẹ̀. Ní 2001, wọ́n tún kó àwọn àgbà mìíràn jọ ní ìlú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fi àwọn tó ti pé 70 sókè wé àwọn ti 1992, iye tí àrùn náà ń mú lọ́dún ní Indianapolis ti já wálẹ̀ láti 3.6 sí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Ìbàdàn kúrò ní 1.7 sí 1.4, èyí tí kò tó ohun tí a lè pè ní ìyàtọ̀. Àwọn ará Indianapolis ti lé wa bá. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò dín kù láàrin wọn o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ sí i.

Àwọn àgbà Ìdíkàn ti 1992 ńkọ́? Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, wọn kò sanra, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì wọ́pọ̀ láàrin wọn tó ti Indianapolis. Oúnjẹ wọn ni iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀. Ìwádìí náà kò fi oúnjẹ kankan sórí òṣùwọ̀n láti sọ pé òun ló ṣe é. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọpọlọ lè sọnù lọ́wọ́ ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ní in sì lè wá a rí. Ẹ wo tábìlì wa lónìí kí ẹ sọ bóyá ti 1992 ló jọ.

Ẹni tó ń dáná nílé ni mo kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún. Àrùn Alzheimer, tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn ìgbàgbé, lè máa ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ fún bí ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Ẹni tó bá dúró di ọdún 70 kó tó bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa jèrè níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó fọwọ́ kan ìkòkò

Ọpọlọ kéré lára, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ọ́síjìn tí à ń mí sínú ni òun nìkan ń lò. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín ló ń gbé e dé ibẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára gbá àwọn òpó yìí lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, wọ́n á le, wọ́n á dí, ibi tí wọ́n ń bọ́ nínú ọpọlọ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀, láìsí rọpárọsẹ̀ tí ojú rí. Púpọ̀ nínú oore tí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti iyọ̀ díẹ̀ ń ṣe fún ọpọlọ, ara òpó wọ̀nyí ló ń gbà.

Nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe, ibí yìí ni ẹ̀rí ti lágbára jù. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó ń jẹ́ SPRINT MIND kó àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ju 9,000 lọ jọ, ó ń fi oògùn mú nọ́ńbà òkè ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn kan wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 140, ti àwọn yòókù sí ìsàlẹ̀ 120. Ní 2019 wọ́n ròyìn pé àwọn tí iyè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ku díẹ̀ káàtó fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kéré láàrin àwọn ti 120. Èyí tó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó jáde ní 2025: abúlé 326, ènìyàn tó tó 34,000, tí àwọn dókítà abúlé tí kò kàwé tó dókítà ilé ìwòsàn ńlá ń fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa jẹun tí wọn yóò sì máa wọn ara wọn nílé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àrùn ìgbàgbé fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn abúlé tí wọn kò ṣe é fún. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ kan kò lè ṣe nílé wa.

Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá òkè, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ má mu kọfí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lọ tọ̀, kí ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń ju 135 lórí 85 lọ, ẹ gbé ìwé yẹn tọ dókítà lọ. Bí dókítà bá sì ti fún yín lóògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ ti ń mu omi ewúro. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, òun ló fi ń ṣọṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: iyọ̀ àti màgí

Gbogbo iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí wọ́n fi ọwọ́ pa pẹrẹsẹ. Iyọ̀ ọbẹ̀, ti màgí, ti búrẹ́dì, ti ìndómì, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. Nǹkan bí ìdajì hóró màgí kan ni iyọ̀, àwọn mìíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ju hóró mẹ́rin sínú ìkòkò kan tó tún wá fi iyọ̀ sí i lè ti jẹ ti ọjọ́ yẹn tán kí ó tó jẹun alẹ́.

Bí ẹ bá gé e kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ará ilé á kọ oúnjẹ sílẹ̀, baba á sì lọ jẹun ní búkà. Ẹ máa dín in díẹ̀díẹ̀: bó bá jẹ́ hóró mẹ́rin ni ẹ ń lò, ẹ lo mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà méjì. Ahọ́n á mọ́ ọn lára láàrin oṣù kan sí méjì, títí tí ọbẹ̀ ẹlòmíràn á fi máa dà bíi pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Ohun tó ń rọ́pò iyọ̀ wà lọ́wọ́ wa. Fún ìkòkò ẹ̀fọ́ tí ẹni mẹ́rin máa jẹ, mo máa ń da ṣíbí ìjẹun mẹ́ta epo sí i, iná kò gbọdọ̀ le. Àlùbọ́sà tí mo gé wínníwínní ló kọ́kọ́ wọlé, kó rọ̀ kó sì máa ta sánsán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú, ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀, mo máa ń jẹ́ kó dín nínú epo náà fún ìṣẹ́jú méjì kí ata tó wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni adùn wà. Irú tí wọ́n jù sórí omi ata lẹ́yìn náà kì í sọ̀rọ̀ bí èyí tó kọ́kọ́ kan epo gbígbóná. Ata tí mo lọ̀ (tàtàṣé pọ̀, rodo díẹ̀) á wá jinná títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí epo á fi padà sókè. Ẹja gbígbẹ tí mo ti fi omi gbígbóná ṣan, tí mo yọ egungun rẹ̀, á wá bọ́ sí i. Mo máa ń tọ́ ọ wò níbẹ̀ kí n tó ronú kan iyọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé fífún kékeré ló kù. Kí ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: àwọn aláta kan máa ń fi iyọ̀ pa irú kó má bàa tètè bàjẹ́. Ẹ fi ahọ́n kàn án lọ́jà kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́

Martha Clare Morris, onímọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Rush ní Chicago, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpasẹ̀ ohun tí àwọn àgbà ń jẹ àti bí ìrántí wọn ṣe ń lọ. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 lórí ènìyàn 960, àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ eléwé bí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ní ìrántí tó lọ́ra láti dín kù ju ti àwọn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ìyàtọ̀ náà tó ti ẹni tó fi ọdún 11 kéré. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lè máa ṣe nǹkan rere mìíràn pẹ̀lú, nítorí náà a kò lè gbé gbogbo ògo fún ewé nìkan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo oúnjẹ tí wọ́n yẹ̀ wò, ewé tútù ni orúkọ rẹ̀ ń jáde léraléra.

Níbí yìí ni Yorùbá ti lówó lọ́wọ́ tí kò mọ̀: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, ewúro, ẹ̀fọ́ ìṣápá, ewé ẹ̀wà. Ohun tó ń dùn mí ni ọ̀nà tí a ń gbà sè wọ́n. A ó gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, a ó fọ̀ ọ́ nínú omi ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó bọ̀ ọ́ pẹ̀lú káún, a ó fún un bí aṣọ títí omi rẹ̀ á fi tán, lẹ́yìn náà a ó tún sè é nínú ọbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Folate (ọ̀kan lára àwọn fítámì B) àti fítámì C, inú omi ni wọ́n ń yọ́ sí, wọ́n sì ti bá omi lọ sínú gọ́tà. Ẹ fọ ewé náà ní odidi, kí ẹ gé e lẹ́yìn náà, kí ẹ sì da tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre sínú ọbẹ̀ ata tó ti jinná, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún péré. Ṣọkọ tó le lè gba omi gbígbóná díẹ̀, ewúro náà kò ṣeé jẹ láìfọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fún wọn gbẹ. Ẹ fi ewédú sílẹ̀ láìsí káún bí ẹ bá lè ṣe é: ìjábẹ̀ nìkan tó o, sódíọ̀mù inú káún sì jọ ti inú iyọ̀.

Ẹni tó wà ní London tàbí Houston tí kò rí tẹ̀tẹ̀ rà lè lo spinach inú yìnyín. Owó rẹ̀ kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń lo oògùn warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì ní láti sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó sọ ẹ̀fọ́ di púpọ̀, torí fítámì K inú ewé lè bá oògùn yẹn jà. Kí iye ẹ̀fọ́ rẹ̀ má máa yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ̀wà, ẹja, àti ẹran

Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló to oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní MIND jọ ní 2015. Bí a bá tú u sí ti ilé wa, ó ń sọ pé ẹ̀wà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́sẹ̀, ẹja ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, adìyẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀pà tàbí kaṣú díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ẹran màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ má tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ohun díndín má tó ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kò ṣòro níbi tí gbẹ̀gìrì, mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀kuru, òtìlì àti ẹ̀wà rírò ti wà. Ẹ má ka àkàrà mọ́ ọn lójoojúmọ́, nítorí òróró tó ń mu. Ẹja tí mo máa ń sọ fún ènìyàn kó rà ni títùs àti ṣawa, àwọn ẹja olọ́ràá tó wà lórí yìnyín ní gbogbo ọjà, tí owó wọn kò tó ti ẹran. Ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án. Bí ẹ bá dín in gan-an, ọ̀rá rere rẹ̀ á bá òróró lọ, òróró á sì rọ́pò rẹ̀. Pọ̀nmọ́ kò rọ́pò ẹja.

Nípa fítámì B12, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà, kò sí nínú ẹ̀fọ́. Ìfun àgbàlagbà kì í sì fà á mu dáadáa mọ́. Àwọn alátọ̀gbẹ tó ti ń lo metformin fún ọ̀pọ̀ ọdún tún wà nínú ewu, torí oògùn náà máa ń dín in kù. Ẹni tí B12 rẹ̀ kéré lè máa gbàgbé, kó máa rìn tàgétàgé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú, kí àwọn ènìyàn sì rò pé ó ti ń ṣarán. Èyí ní ìtọ́jú! Abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ló nílò, bí wọ́n bá sì tètè mú un, ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ sípò. Àwọn ilé tí wọ́n ń fún ìyá àgbà ní ẹ̀kọ àti ẹ̀wà nìkan nítorí pé "eyín rẹ̀ ti tán" ni mo ń bá wí: ẹ gún ẹja sínú ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un lẹ́yin.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: epo, òkèlè, ohun dídùn

Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn *The Lancet* fi ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn LDL, kún àwọn ohun tó ń pe àrùn ìgbàgbé wá. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó ń gbé LDL ga. N kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ̀fọ́ láìsí epo. Ẹ kàn jáwọ́ nínú dída epo láti inú kẹ́ẹ̀gì: ṣíbí ìjẹun ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí ẹni kan máa rí bíi ṣíbí kan gbà nínú ọbẹ̀. Epo tí ẹ ti jó títí tó fi funfun ti pàdánù ohun tó ń pọ́n ọn, tó wúlò fún ojú. Fún ọbẹ̀ ata tàbí ìrẹsì, ẹ lo òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà.

Òkèlè ni ibi tí àtọ̀gbẹ ti ń wọlé wá, àtọ̀gbẹ náà sì wà lára àwọn tó ń ba òpó ọpọlọ jẹ́. Àwọn àgbà Ìdíkàn jẹ iyán, wọ́n jẹ ọkà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, wọn kì í sì í fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í. Fún ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì, òkèlè tó tó ìkúùkù ọwọ́ ara rẹ̀ ti tó. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kó gba ìdajì àwo. Ẹ máa yí òkèlè padà pẹ̀lú ọkà bàbà tàbí wíìtì. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, omi èso inú páálí, bísíkíìtì àti míìtì páì, ẹ jẹ́ kó di ti àríyá. Èso ní odidi rẹ̀ sàn ju oje rẹ̀ lọ. Àwọn èso kéékèèké bíi blueberry àti strawberry tí Morris yẹ̀ wò kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ìdí láti fi owó ńlá rà wọ́n: ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò ní ìwọ̀nba, àgbálùmọ̀ ní àsìkò rẹ̀.

Nítorí pé mo ti dárúkọ Ọ̀ṣuntókun, ó yẹ kí n sọ èyí. Kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ ìgbàgbé, ní àwọn ọdún 1960, ìwádìí rẹ̀ so ẹ̀gẹ́ tí wọn kò yọ májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ tán mọ́ àrùn kan tó ń mú àwọn ènìyàn ní agbègbè Ìjẹ̀bú: ẹsẹ̀ wọn á kú, wọn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú àti etí wọn á máa di. Àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, tí ẹja àti ẹran kò sì tó wọn, ló ń mú. Gààrí tí wọn kò jẹ́ kó kan dáadáa nínú àpò kí wọ́n tó yan án, tàbí fùfú ọjọ́ kan, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́n lójú tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ pa owó kápúsù mọ́

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ta oògùn ìrántí lórí rédíò àti lórí fóònù. Ginkgo, tí wọ́n ń ti ewé igi kan ṣe, wà lára àwọn tó lókìkí jù. Wọ́n dán an wò lára àgbà 3,069 ní Amẹ́ríkà, míligíráàmù 120 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008: kò dènà àrùn ìgbàgbé rárá. Nínú ìlànà rẹ̀ ti 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má ṣe fún ènìyàn ní fítámì B, fítámì E, tàbí kápúsù epo ẹja nítorí àtidènà àrùn yìí. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé fítámì kan kéré lára rẹ̀, tirẹ̀ yàtọ̀, bí mo ṣe sọ nípa B12. Àdín àgbọn náà, tí wọ́n ń pè ní oògùn ọpọlọ, kò sí ìwádìí tó múná dóko lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kún fún irú ọ̀rá tó ń gbé LDL ga. Ẹ fi owó kápúsù oṣù kan ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìgbésẹ̀ keje: oúnjẹ nìkan kò tó

Ní 2023 ni wọ́n ròyìn ìdánwò oúnjẹ MIND gan-an. Àgbà 604 ni wọ́n pín sí méjì, apá kan jẹ oúnjẹ MIND, apá kejì ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti mọ́ lára, gbogbo wọn sì dín iye tí wọ́n ń jẹ kù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìrántí àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra ní ọ̀nà tó nítumọ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ọdún mẹ́ta lè kéré fún àrùn tó ń gba ogún ọdún, àwọn apá méjèèjì sì jọ dín sísanra kù. Síbẹ̀, ẹ̀rí pé oúnjẹ nìkan lè ṣe é kò tíì dé.

Èyí tó ti ṣiṣẹ́ ni oúnjẹ pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn. Miia Kivipelto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland kó ènìyàn 1,260 tó wà láàrin ọdún 60 sí 77 jọ, wọ́n sì fún apá kan wọn ní ètò kan: oúnjẹ, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọpọlọ, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá, fún ọdún méjì. Ní 2015, èsì fi hàn pé ọpọlọ àwọn tó ṣe ètò náà fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀síwájú ju ti àwọn tó kàn gba ìmọ̀ràn lọ. Irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, U.S. POINTER, fi ènìyàn 2,111 ṣe é, èsì rẹ̀ tó jáde ní 2025 sì tún gbè é lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra ẹ̀fọ́ náà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí mímí yín yá díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bàbá máa dá jẹun nínú yàrá, torí ìdánìkanwà wà nínú ohun 14 tí *The Lancet* kà sílẹ̀, bí etí dídi ṣe wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ti dákẹ́ nídìí oúnjẹ nítorí pé wọn kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn etí. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí etí lásán ni. Ìgbìmọ̀ náà ṣírò pé bí a bá lè mú gbogbo ohun 14 yìí kúrò, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn ìgbàgbé tó wà láyé ni a lè dènà tàbí kí a sún síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ó bá ti ń ṣẹlẹ̀

Bí ìyá bá ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan, tó ṣìnà lọ́nà ọjà tó ti ń ná láti ọdún pípẹ́, tó fi ìkòkò jóná lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ sọ fún dókítà pé kí wọ́n yẹ B12, gẹ̀gẹ̀, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kòkòrò HIV àti ọkàn rẹ̀ wò bóyá ìbànújẹ́ ló ń ṣe é, kí wọ́n sì wo gbogbo oògùn tó ń lò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí sọ pé àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn lé àwọn ìyá wa jáde nílé, wọ́n ti fi lu àwọn mìíràn, ohun tó sì ń ṣe wọ́n kò ju àìsàn ọpọlọ lọ.

Nígbà tí àrùn náà bá ti wọra, ìmọ̀ràn mi lórí oúnjẹ yí padà. Rírù ló wá di ewu. Ẹ yéé dá a lẹ́kun ohun tó fẹ́ràn. Bó bá jẹ́ iyán nìkan ló ń wù ú, ẹ fún un ní iyán, kí ẹ gún ẹja sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ fún un nígbà púpọ̀, nínú àwo aláwọ̀ kan tí oúnjẹ máa hàn lórí rẹ̀ dáadáa, ẹ pa rédíò kó lè fọkàn sí i. Ẹ jẹ́ kó jókòó tààrà, kó má dùbúlẹ̀ láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá jẹun tán. Bó bá ń húkọ́ nígbà tó bá mu omi, tàbí tó kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò gbé mì, ẹ má rọ ọ́ sí i lẹ́nu, torí ó lè bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, ohun rírọ̀ tó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná tàbí ẹ̀wà tí wọ́n gún kúnná ló máa ń rọ ọ̀pọ̀ lọ́rùn ju omi ṣíṣàn lọ, ṣíbí kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró kó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn.